Ẹ̀rọ Tó Ń Yí Láìgbóná

Òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ni. Kò sí ìgbà tí òjò oṣù kẹfà bá dé, tí ìyàwó mi bá kó aṣọ tútù jọ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, tí òórùn náà kì í gbé mi kúrò lórí àga mi, kí ó sì lọ jù mí sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí kan tó wà lọ́nà Ikpinlẹ̀ nígbà náà, ní ilẹ̀ Ajá-Wẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ dúdú wà nínú òórùn náà, jáfẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò wà níbẹ̀, gásúwálì, epo ẹ̀rọ amúnáwá, wà níbẹ̀, àti wàrà ọmú tó ti kan lára aṣọ ọmọ tuntun. Wọ́n ti wó ilé náà. Àgbàdo ni wọ́n gbìn síbẹ̀ báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo sì yíjú sí òdìkejì ọ̀nà.

Ìgbà Ehuzu ni, ìyípadà tí ìjọba ológun kéde ní ilẹ̀ wa. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ: ìgbà tí gbogbo wa jẹ́ kámárádì ara wa, tí a ń gbé ìkùùkù sókè kí ara wa, tí a sì ń bojú wẹ̀yìn kí a tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́ iná mànàmáná ní Àjàṣẹ́, wọ́n sì rán mi wá sí Pobẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ìjọba, àwọn tí a ń pè ní gúrúùpù, ní gbogbo agbègbè náà. Mo ní alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì ìjọba kan, mo ní àpò irinṣẹ́ aláwọ, mo sì ní irinṣẹ́ kékeré kan tí a fi ń dán kùráà, ìyẹn agbára iná, wò, èyí tí mo máa ń fi há àpò ẹ̀wù mi níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Kí n má parọ́ fún ọ, mo gbéra ga díẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tó mọ ọ̀nà tí iná ń gbà ni mí, ta ló tún tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí, sẹ́ṣúwà ni gbogbo wọn ń pè é: ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ. Ilẹ̀ ọ̀rẹ́ kan lókè òkun ló fi ta ilé ìgbẹ̀bí náà lọ́rẹ ní ọdún méjì ṣáájú, pẹ̀lú ìwé ìlànà kan tí wọ́n kọ ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láti Ikpinlẹ̀ títí dé Kútọnu. Ó funfun, ó ga dé àyà ènìyàn, ó ní ìlẹ̀kùn onígíláàsì róbótó tí o lè gbà wo aṣọ bí wọ́n ṣe ń yí nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gòkè, tí wọ́n ń jábọ́, tí wọ́n tún ń gòkè. Bọ́tìnnì ńlá kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán oòrùn sí. Bí o bá ti yí i sí oòrùn, ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí aṣọ gbẹ. Aago rẹ̀ á dún, á sì dúró. Má rò pé nǹkan kékeré ni. Kí ó tó dé, nígbà òjò, ọjọ́ mẹ́ta ni aṣọ ń lò lórí okùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa rùn, ara àwọn ọmọ tuntun á sì máa sú.

Nítorí pé ẹ̀bùn ilẹ̀ òkèèrè ni, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí a ń fi ojú ọ̀wọ̀ wò. Kòmítè Ehuzu ti ìlú náà lẹ òfin mọ́ ògiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà mọ́ bí wọ́n bá ti yí i sí oòrùn. Ẹni tó ń ṣọ́ gúrúùpù kò sì gbọdọ̀ pa á kí aago sẹ́ṣúwà tó dún, torí aṣọ́gúrúùpù kan ti pa á rí nígbà tí aṣọ kò tíì gbẹ, kí ó lè tètè dé oko rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ sá aṣọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ rárá, kí àlejò má baà wá rí i kí ó sọ pé a kò mọ iyì ẹ̀bùn. Gbogbo èyí wà lára ògiri, ní lẹ́tà ńláńlá, fún àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà.

Obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà, Ìyá Afọṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Abúlé oko kan lẹ́yìn Ikpinlẹ̀ ló ti ń wá lójoojúmọ́, á fẹsẹ̀ rìn lọ, á fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ó ti sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, apá rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan púpọ̀: á gbé e lé ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, á ní ó ku díẹ̀, ó sì máa ń ku díẹ̀ lóòótọ́. Nígbàkígbà tí mo bá wá wo gúrúùpù, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bóyá mo ti jẹun. Bí mo ti jẹ tàbí n kò jẹ, á yọ ẹ̀kọ àkàsà méjì láti inú agbọ̀n rẹ̀, á fi ẹja díndín lé e, á dúró tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá tó bí mi lọ́mọ wà lọ́nà jíjìn nígbà náà, obìnrin yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ikpinlẹ̀ sí Pobẹ̀ mú ìwé kan wá fún mi láti ọwọ́ agbẹ̀bí àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìgbẹ̀bí náà. Ó ní sẹ́ṣúwà kò gbóná mọ́, kò sì dúró mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló ti ń yí láti òwúrọ̀ títí gásúwálì yóò fi gbẹ nínú gúrúùpù, èyí tó yẹ kí wọ́n lò fún odidi oṣù kan sì ti tán. Ó fi kún un pé olórí kòmítè, ẹni tó jẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ti ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Wọ́n máa jókòó lé e lórí ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà gan-an, ohun tí mo bá rí ni wọ́n ó sì fi dájọ́. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ náà rántí pé nígbà yẹn, bí nǹkan ìjọba bá bàjẹ́, wọn kì í béèrè ohun tó bà á jẹ́. Ẹni tó bà á jẹ́ ni wọ́n máa ń béèrè. Mo mọ̀ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ohun tí ọwọ́ mi bá fà jáde nínú ẹ̀rọ yẹn lè gbé ẹnìkan lọ sí àtìmọ́lé.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo dé, ẹrẹ̀ pupa ti kún mi dé orúnkún. Ìyá Afọṣọ wà níbi ọpọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ. Ó kí mi, ṣùgbọ́n kò béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo rò ó pé ẹ̀rù kòmítè ló ń bà á bí ó ti ń ba gbogbo wa. Aṣọ́gúrúùpù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òfin ara ògiri bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Ó ní òun kò ṣẹ̀: aago kò dún, òun náà kò sì pa gúrúùpù, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí òun ṣe?

Mo ti gbé gásúwálì díẹ̀ dání, a sì tan gúrúùpù. Mo yí bọ́tìnnì sí oòrùn, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo gbé ọwọ́ lé ìlẹ̀kùn, ó tutù. Mo gbé ọwọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lẹ́yìn rẹ̀; afẹ́fẹ́ ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ ọyẹ́ ni. Mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì láti mọ̀ bóyá ó ń rìn padà. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, bọ́tìnnì àti ìlà ṣì ń wo ara wọn. Àìsàn méjì nìyẹn lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n kọ́ wa pé kí a máa bẹ̀rẹ̀, ibi tó rọrùn. Mo yọ asẹ́ tí òwú aṣọ máa ń kó sí; ó mọ́ tónítóní, nítorí obìnrin náà kì í fi ọjọ́ kan fojú fò ó. Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo wá ilé eku, mo wá wáyà tó já. Mo dán irin tó ń gbóná wò, èyí tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun adìẹ, kò já. Mo dán èyí tó ń wọn ooru wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Inú ti ń bí mi. Mo ti ń rò ó bóyá kí n kọ ọ́ pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ni kò ṣe é dáadáa, ìyẹn náà ì bá sì di ẹ̀sùn mìíràn, pé mo bú ilẹ̀ ọ̀rẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí àwòrán kan tó wà nínú pátákó irin tí mo tú kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ. N kò gbọ́ èdè ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀nà tí kùráà ń gbà, ọ̀kan náà ni níbi gbogbo. Mo fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó ń gbé kùráà lọ fún aago inú bọ́tìnnì kò bá àwọn yòókù rìn. Ọ̀dọ̀ èyí tó ń wọn ooru ló kọ́kọ́ ń yà sí. Ó di ìgbà tí inú ẹ̀rọ bá gbóná dé ìwọ̀n kan kí aago tó rí kùráà tí yóò fi máa rìn lọ síbi tí yóò ti dún. Bí kò bá sí ooru, aago kò ní rìn láéláé. Kì í ṣe àìsàn méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rọ tí kò bá gbóná kò lè mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Mo rẹ́rìn-ín sókè lémi nìkan. N kò tíì gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń ṣe mí bíi kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí n ó sọ ọ́ fún.

Ó wá ku kí n mọ ìdí tí kò fi sí ooru. Fúsíbù mẹ́ta ló wà nínú àpótí ara ògiri, àwọn ti tánganran funfun tí wọ́n máa ń de wáyà tín-ín-rín kan sínú wọn. Mo yọ èkínní, wáyà wà nínú rẹ̀. Mo yọ èkejì, wáyà wà. Mo yọ ẹ̀kẹta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí wáyà fúsíbù bá jó, á fi èéfín dúdú sílẹ̀ lára tánganran, ọmọdé pàápàá á rí i. Èyí funfun bí eyín. Ẹnìkan ti tú ìdè rẹ̀, ó yọ wáyà kúrò, ó sì tún ìdè náà dì padà létòlétò. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

"Ṣé o ti rí i, ọmọ mi?"

Ìyá Afọṣọ ló dúró lẹ́yìn mi. Ó ti nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó tú kókó kan létí ìró rẹ̀, ó sì mú wáyà náà jáde, ó ti ká a róbótó bí òrùka ọmọdé.

Ohun tó sọ fún mi kò pọ̀, kò sì sunkún bó ti ń sọ ọ́. Obìnrin kan wà ní yàrá àwọn abiyamọ, ará abúlé kan ní apá Kpoulou. Ọmọ kẹrin rẹ̀ ló bí yìí. Nínú àwọn mẹ́ta tó ti bí ṣáájú, kò sí èyí tó rí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ní ìdílé ọkọ rẹ̀, èèwọ̀ ni kí aṣọ ọmọ rí iná kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń mú un gbẹ. Obìnrin náà ti bẹ agbẹ̀bí àgbà, ìyẹn sì ní kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé Ehuzu ti gbá irú rẹ̀ dànù. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè sá aṣọ, nínú ilé òfin ni, níta òjò ni. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń tan gúrúùpù nítorí aṣọ, gbogbo aṣọ ló sì ń wọnú ẹ̀rọ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni abiyamọ náà kọ gbogbo aṣọ tí wọ́n ń gbé wá fún un. Ìró ara rẹ̀ tó tutù ló fi ń wé ọmọ náà, ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Oníná tó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, àgbàlagbà kan tí wọ́n ti gbé lọ sí Kútọnu, ti fi han Ìyá Afọṣọ nígbà kan rí pé fúsíbù méjì ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹ̀kẹta ló ń mú un gbóná. Ó yọ èyí tó ń mú un gbóná. Ó rò pé ẹ̀rọ á fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ, aago á dún bó ti máa ń dún, gúrúùpù á kú, kò sì ní sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ta ni ì bá rò pé ooru ló ń sọ fún aago pé iṣẹ́ ti parí? Òun a máa yí bọ́tìnnì tán, a sì máa gba ibi omi lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Lọ́jọ́ kejì ló ti mọ̀ pé nǹkan kò dára. Ó lọ wo ọmọ náà. Ikọ́ ti ń fi í sílẹ̀, ó ń sùn nínú aṣọ gbígbẹ, ìyá rẹ̀ náà sì ń sùn. Ó dá wáyà náà padà sétí ìró rẹ̀, ó dì í ní kókó.

"Ọ̀túnla ni ọjọ́ kẹjọ," ó ní. "Bá mi fi í sílẹ̀ di ọ̀túnla. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ṣe mí bó bá ti wù wọ́n."

Ọ̀nà àbáyọ náà tètè wá sí mi lọ́kàn, ó sì rọrùn. N ó sọ fún kòmítè pé fúsíbù jó, pé n kò ní wáyà rẹ̀ lọ́wọ́, pé ó di ọ̀túnla kí n tó mú un wá láti Pobẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù tíṣà yẹn ń bà mí, ẹ̀rù ìwé tí n ó fọwọ́ sí ń bà mí. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi irinṣẹ́ há àpò ẹ̀wù ló máa sọ fún afọṣọ pé ẹ̀rù ń ba òun? Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ọ̀rọ̀ yìí ti parí." Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé wáyà náà lé mi lọ́wọ́, mo sì jù ú sápò. Ìgbà yẹn ló wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, wọ́n to bẹ́ńṣì sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà jókòó láàárín pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí itan, àwọn ọmọ kòmítè mẹ́ta wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, agbẹ̀bí àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aṣọ́gúrúùpù ń laagùn, Ìyá Afọṣọ sì dúró níbi òpó. Mo kí wọn bí a ti ń kíra wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ fúsíbù tó jó, mo sọ ọ̀rọ̀ wáyà, mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀túnla. Wọ́n ń mi orí. Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà náà kì í ṣe ènìyàn búburú, ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ mọ ìdí ọ̀ràn ni. Ó ní bí fúsíbù bá jó, ó yé òun pé ẹ̀rọ kò ní gbóná. Kí ló wá dé tí kò fi dúró? Ó wo àwọn tó kù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àbí kámárádì wa kò mọ̀ ni?"

Ǹ bá kàn ní, "N kò mọ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, wọn ì bá sì ti gba obìnrin náà là. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kò tilẹ̀ kó o bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹlòmíràn ló kó o bá. Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà. Mo ya àwòrán náà sára ògiri, mo tọ́ka sí ibi tí kùráà ń gbà, ibi tó ti ń yà, ibi tó ti ń dúró de ooru. Mo ṣàlàyé rẹ̀ ó dùn. Agbẹ̀bí àgbà lanu sílẹ̀, aṣọ́gúrúùpù pàápàá gbàgbé láti laagùn, tíṣà ní ó dára, ó dára púpọ̀. Orí mi wú. Kí wọ́n lè rí ohun kékeré tó fa gbogbo rẹ̀, mo rìn dé ibi àpótí, mo yọ fúsíbù kẹta, mo gbé e fún wọn. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó rántí bí ó ti funfun tó.

Tíṣà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn níbi ìmọ́lẹ̀.

"Èyí kò jó," ó ní. "Wọ́n yọ ọ́ ni. Ta ló mọ̀ ọ́n yọ nínú ilé yìí?"

N kò sọ nǹkan kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún ara mi nìyẹn, pé n kò la ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ojú mi yà sí ibi òpó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo orí tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e. Ìyá Afọṣọ wò mí, èmi náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè rẹ̀, ó fi í di ìgbànú.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́."

Wọ́n bi í pé kí ló dé. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n bi í pé ta ló rán an. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé kò wu òun kí ẹ̀rọ náà máa gbóná. Kò dárúkọ abiyamọ yẹn títí wọ́n fi mú un lọ sínú ọkọ̀. Ìwọ mọ ohun tí ìjọba ń ṣe nígbà yẹn fún àwọn tí wọ́n bá fẹ̀sùn ìgbàgbọ́ àtijọ́ kàn. Bó bá ti dárúkọ rẹ̀, orí ibùsùn ni wọn ì bá ti fà á wá.

Tíṣà ní kí n tún ẹ̀rọ náà ṣe lójú gbogbo wọn. Ó béèrè bóyá n kò lè rí wáyà rárá. Mo lè sọ pé n kò ní. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò tú àpò mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò sí lára ọ̀tá, mo sì mú wáyà náà jáde. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí mo ti rí i. Agbẹ̀bí àgbà da aṣọ inú ọpọ́n sínú ẹ̀rọ, mo yí bọ́tìnnì sí oòrùn, ìlẹ̀kùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú gíláàsì ni mo ti rí aṣọ kékeré kan tí wọ́n fi òwú búlúù rán etí rẹ̀. Aṣọ ọmọ abiyamọ yẹn ni; Ìyá Afọṣọ ló rán an bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ó gòkè, ó jábọ́, ó tún gòkè. Ọwọ́ mi kò jìnnà sí ìlẹ̀kùn náà tó ìwọ̀n apá kan, mo kàn dúró ni. Nígbà tí aago dún, tí ẹ̀rọ sì dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Abiyamọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Kí aṣọ náà tó tutù, ó ti fi ìró ara rẹ̀ pọn ọmọ, ó sì bọ́ sínú òjò, ó gba ọ̀nà Kpoulou lọ. Agbẹ̀bí àgbà pè é títí, kò bojú wẹ̀yìn. Aṣọ olówùú búlúù náà kù sínú ẹ̀rọ.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi Ìyá Afọṣọ sí àtìmọ́lé ní Pobẹ̀. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn láti ilé mi, n kò ní laagùn kí n tó dé ibẹ̀. N kò lọ. Mo fi àkàsà àti ẹja rán ẹnìkan sí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ ẹni tó rán an. Wọ́n kọ ìwé ìyìn sí mi. Èmi náà kọ ìròyìn tèmi, mo fi gbólóhùn tí gbogbo ìwé ìjọba fi ń parí nígbà yẹn parí rẹ̀, pé a ti múra sílẹ̀, pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà mọ́, ó padà sí oko. Ọ̀rọ̀ náà wá ń yí nínú mi láti ọdún dé ọdún bí ẹ̀rọ yẹn, kò gbóná débi tí n ó fi sunkún, kò sì dúró. Ehuzu kógbá sílé. Àwọn ènìyàn jáde, oníkálukú ń sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. N kò rí ẹnìkan tó sọ ohun tí òun ṣe fún ẹlòmíràn, èmi náà kò sì sọ ọ́.

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn kí iṣẹ́ tó gbé mi dé apá Ikpinlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí n wá wo ẹ̀rọ ìfúnpo kan tí kò jẹ́ iṣẹ́ mọ́. Mo béèrè ilé rẹ̀. Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà, ó ń yọ àgbàdo lára ṣúkù rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó mọ̀ mí kí n tó dárúkọ. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú háhá àgbàdo, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ojú mi tó yà sí ibi òpó, wáyà tí mo mú jáde nínú àpò, aṣọ olówùú búlúù tí mo ń wò nínú gíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí àgbàdo náà. Aṣọ ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní ṣé ó rí iná lóòótọ́, mo ní ó rí i. Ó mú ṣúkù mìíràn, ó ní ó dára tí ìyá ọmọ náà kò mú aṣọ náà lọ. Ó ní ọmọ náà yè. Obìnrin ni, iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́ ní Tatonnonkon. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́.

"Ojú rẹ kọ́ ló ṣe mí," ó ní. "Ojú ènìyàn kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. O ní kí n fọkàn balẹ̀, mo sì fọkàn balẹ̀, mo kó wáyà lé ọ lọ́wọ́. Bó o bá ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ǹ bá ti dá a padà fúnra mi kí aago mẹ́rin tó lù, ǹ bá sì ti wá ọ̀nà mìíràn fún ọmọ yẹn."

Mo mú ṣúkù kan, mo bá a yọ ọ́. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí àtíbàbà. Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ojú ọ̀nà, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Kò béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo ti darúgbó báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń gbé nǹkan tó bàjẹ́ wá fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé fírìjì tó fi ń ta omi tútù wá. Ó ní iṣẹ́ òun wà nínú rẹ̀, ó bi mí bóyá òun lè fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi ti là. Mo pa á dé. Mo sọ fún un pé n kò tíì mọ ohun tó ṣe é, pé ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà bà á jẹ́ kọjá bó ti wà, pé bó bá ní ọ̀nà mìíràn, kí ó má pa á tì nítorí tèmi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo oníṣẹ́ tí kò mọṣẹ́. Ó pe ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ náà padà, wọ́n gbé fírìjì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó wà ní ìkóríta. Ìyàwó mi ní báyìí ni mo ṣe ń lé oníbàárà. Mo jẹ́ kí oníbàárà náà lọ.